Bí Ẹni Tó Ni Àṣà Bá Jókòó Sẹ́yìn Kíláàsì

Ìbéèrè: "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni kan níbí ní Ìbàdàn. Àwọn tó ń ṣe NCE ni mò ń kọ́, èmi náà ló sì máa ń lọ wò wọ́n bí wọ́n bá wà lẹ́nu TP, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò ní iléèwé. Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì kẹrin ní àṣà ilẹ̀ wa. Nígbà tó kan egúngún, ó ní àwọn ará àtijọ́ ló máa ń fi aṣọ bojú tan ara wọn jẹ pé òkú ọ̀run ló jáde, pé ọ̀làjú ti gbá gbogbo ìyẹn lọ. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún. Agbo ilé eléégún ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ kejì, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ wá sí iléèwé. Bàbá náà ò pariwo. Ó ní òun kàn fẹ́ rí ẹni tó sọ fún ọmọ òun pé òpùrọ́ ni òun. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ó gbà pé ńṣe lòun ń la àwọn ọmọ lójú. Kí la lè ṣe fún àwọn tó fẹ́ di tíṣà, kí wọ́n tó dé iwájú ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ kọ́ni ní àṣà ìbílẹ̀, yálà tiwa tàbí ti ẹlòmíràn?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí ọkàn mi dúró sí nínú lẹ́tà yín ni ohun tí bàbá yẹn sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yín rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́ lòun ń sọ. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, tó fún ọmọ lówó oúnjẹ kí ó tó jáde nílé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun kan ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn: kí wọ́n máa kọ́ni bí ẹni pé ẹni tó ni àṣà náà jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tó ń gbọ́ wọn. Mi ò ní kí wọ́n máa bẹ̀rù rẹ̀. Mo ní kí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ èyí tí onítọ̀hún á gbọ́, tí á mi orí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni wọ́n ń sọ." Orí ìyẹn ni mo gbé gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí ẹ ń béèrè lé.

Èmi náà ti jẹ irú gbèsè tí akẹ́kọ̀ọ́ yín jẹ yìí. Ọmọdé tíṣà ni mí nígbà yẹn, iléèwé tí mo wà kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. A fẹ́ ṣe àṣeyẹ ìparí ọdún, mo ní kí àwọn ọmọ ṣe egúngún. Mo kó àkísà àǹkárá jọ, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo gán an mọ́ àpò ìrẹsì, mo gbé e wọ ọmọkùnrin kan, mo fún un ní pàṣán. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí èrò túká, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn dìde, ó wá bá mi, ó di etí aṣọ náà mú, ó ní, "Tíṣà, ta lẹ fi èyí ṣe?" Mi ò mọ ohun tó ń béèrè. Ó ní, "Gbogbo egúngún ló ní orúkọ. Ta lèyí ń jẹ́?" Mo dákẹ́.

Bàbá náà jókòó, ó wá ṣàlàyé fún mi pé ní agbo ilé tàwọn, aṣọ egúngún kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń rán tán lọ́jọ́ kan. Bí ọdún bá yí po, àwọn ọmọ ilé á mú aṣọ wá, wọ́n á rán an mọ́ èyí tó wà ńlẹ̀. Ẹni tó bímọ á mú tirẹ̀ wá, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú á mú tirẹ̀ wá. Bí òun bá gbé ọwọ́ lé etí aṣọ kan báyìí, òun mọ ọdún tó wọlé, òun mọ ẹni tó mú un wá. Àti kékeré ni mo ti ń sá fún egúngún ní ìgboro Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo sì ti gba ìwé ẹ̀rí tíṣà nígbà náà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí mo kà tó ní kí n kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ onínǹkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Kánádà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi ń kó ọmọ àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó wà níbẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó dé, kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn lọ sí iléèwé tí wọ́n ń sùn sí, níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ó ju 150,000 ọmọ lọ tó gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ parí iṣẹ́ ní 2015, ohun 94 ni wọ́n ní kí ìlú ṣe, ìkejìlélọ́gọ́ta nínú rẹ̀ sì kan irú iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń ṣe: kí ìjọba fi owó sílẹ̀ kí àwọn yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì lè kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n á ṣe mú ìmọ̀ àwọn onílẹ̀, àti ọ̀nà tí àwọn onílẹ̀ ń gbà kọ́ni, wọ kíláàsì. Ní Ọsirélíà, ó wà nínú ìlànà tí wọ́n fi ń wọn tíṣà pé ó gbọ́dọ̀ mọ ìtàn àti àṣà àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà kéde ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé iyì àṣà wọn gbọ́dọ̀ hàn nínú ẹ̀kọ́. Orílẹ̀-èdè 144 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nàìjíríà wà lára àwọn 11 tí kò ní bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Ẹ lè kọ́ ọgbọ́n lára wọn, àmọ́ ẹ má gbé tiwọn wá lódindi. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, tíṣà tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àṣà sábà máa ń jẹ́ ọmọ àwọn àlejò tó gba ilẹ̀. Ní Ìbàdàn níbí, ọmọ-ọmọ onínǹkan ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín ti le ju tiwọn lọ. Nígbà tí David àti Anna Hinderer, tọkọtaya ajíhìnrere, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, tí wọ́n dá iléèwé sílẹ̀ ní Kúdẹtì, ìjòyè bí Olúńlóyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Oore púpọ̀ ló ti ibẹ̀ wá, èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iléèwé tó wá bá wa lọ́nà yẹn mú ohùn kan dání pé ohun tó wà nílé ni òkùnkùn, ohun tó wà nínú ìwé ni ìmọ́lẹ̀. Ohùn yẹn ni wọ́n fi tọ́ àwọn bàbá wa, òun ni wọ́n sì fi tọ́ àwa náà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún bóyá wọ́n bu owó ìtanràn lé e rí, tàbí wọ́n fi pákó kọ́ ọ lọ́rùn, torí pé ó sọ "fanákúlà", ìyẹn èdè ìyá rẹ̀, ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ yín kọ́ ló dá ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn sílẹ̀. Ẹnu tíṣà tirẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Kí sáà TP tó dé, ẹ ní kí olúkúlùkù lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí rẹ̀, kí ó béèrè oríkì orílẹ̀ wọn, èèwọ̀ wọn, àti ohun tí ìdílé wọn ń bọ kí ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe báyìí tó dé. Kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ó má ṣe tún un ṣe, kí ó wá kà á sí etí gbogbo kíláàsì. Mo ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ọdún tí kò mú nǹkan jáde. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀. "Olú" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wọn. Ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún un pé "Fá" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé bàbá rẹ̀ ló yí i padà nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì. Ọmọ náà ń kà á fún wa lọ, ó dé ibi tí ìyá àgbà náà ti ki babaláwo tó jẹ́ bàbá ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Kò kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀ o, òun náà ń wàásù dòní. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ "kèfèrí" lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, torí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí ti ní ojú, ó ti ní oríkì.

Lẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ ẹnu ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò sí jù. Ẹ kó ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní praimárì fún wọn, kí wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo "láyé àtijọ́" àti gbogbo "àwọn baba ńlá wa máa ń". Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá béèrè níkọ̀ọ̀kan: ṣé lóòótọ́ ni kò sí mọ́? Ìwé tó bá kọ ọ́ pé àwọn ará Ìbàdàn máa ń bọ òkè láyé àtijọ́ ti sọ Abọkè, àwòrò òkè náà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, di òkú. Ọdọọdún là ń ṣe ọdún Òkebàdàn, ọdún òkè náà. Àwọn tó ń pa á mọ́ kì í dáná lọ́jọ́ náà, ìdí rẹ̀ sì wà nínú oríkì tí gbogbo wa ń kì láìronú: Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ a fi ìkarahun fọ́ri mu. Ìgbà tí ogun lé Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó àti àwọn èèyàn rẹ̀ gun orí òkè ni wọ́n ń rántí, tí èso òro àti ìgbín jẹ́ oúnjẹ wọn, tí òkè náà sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọmọ praimárì kẹrin tó bá gbọ́ ìyẹn á mọ ìdí tí wọn kì í fi í dáná. Èyí tó gbọ́ pé "wọ́n ń bọ òkúta" nìkan, ẹ̀gàn ló mú lọ sílé.

Ẹ yẹ orúkọ wò náà. Adìẹ ìbílẹ̀ là ń wá kiri bí ọdún bá dé, ó wọ́n ju ti agírìkì lọ, a ò sì kọ̀ láti rà á. Àmọ́ bí ẹnu wa bá ti kan ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ojú wa á fà ro. Àwọn tó ń ṣe é ń pe ara wọn ní onísẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ sì ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe wọn. Orúkọ tí èèyàn pe ara rẹ̀ ni kí tíṣà fi pè é. Ọ̀rọ̀ tó tún le jù ni ti Èṣù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá fi orúkọ Èṣù pe ẹni ibi, ó sì ti mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Nínú Ifá, Èṣù ni òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó ń lọ, oríta ni ibùjókòó rẹ̀, ó ń ṣọ́ bóyá èèyàn ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Mi ò ní kí Kristẹni yí Bíbélì rẹ̀ padà. Mo ní kí tíṣà rántí pé ọmọ tó ń jẹ́ Èṣùbíyìí tàbí Èṣùgbàyí lè wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, tó ń wo ẹnu rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ó fi wọn gbogbo wọn. Bí ó bá sọ pé àwọn Kristẹni gbà pé Jésù jí dìde, tó sọ pé àwọn Mùsùlùmí gbà pé Jibrílù mú ọ̀rọ̀ wá fún Ànábì, kí ó sọ pé àwọn onísẹ̀ṣe gbà pé àwọn tó ti lọ máa ń padà wá bẹ ọmọ wọn wò. Bí kò bá pe èyí tó ṣáájú ní irọ́, kí ó má pe èyí tó kẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ì bá ti sọ gbólóhùn kan péré yìí ni, ọmọ náà kì bá tí sunkún.

Wàyí o, lílọ bá onínǹkan. Ẹ má rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ní òun nìkan nígbà àkọ́kọ́, ẹ bá a lọ. Ẹ mú obì dání, kí owó díẹ̀ wà nínú àpòòwé. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, kò sí pé a kàwé níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bí àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ ṣe dàgbà tó, kí ó sì béèrè ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ́, ohun tí kò yẹ kó gbọ́, àti ẹlòmíràn tó tún yẹ kí òun lọ bá, torí agbo ilé kan lè sọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Fóònù kò gbọ́dọ̀ jáde lápò kí a tó tọrọ àyè. Bí bàbá bá ní kí wọ́n má ya fọ́tò, ibẹ̀ ló parí sí. Wọn ò gbọ́dọ̀ tún lọ ya á láti ojú fèrèsé.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni pípadà lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ tán, kí ó gbé e padà lọ bá ẹni tó sọ̀rọ̀ fún un, kí ó kà á sí i létí kí ó tó kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin kan ka tirẹ̀ fún ìyá ọlọ́ṣun kan ní ọ̀nà Ìdí-Arẹrẹ. Ó kà á dé "wọ́n ń bọ ère." Ìyá náà ní, "Dúró. Fọ́tò ìyá ẹ wà lára ògiri nílé yín?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bí o bá wò ó, tó o ní 'Màmá mi', ṣé bébà lò ń pè?" Ọmọ náà gbé bírò, ó fa gbólóhùn náà rẹ́, ó bi ìyá náà bí òun ṣe máa kọ ọ́, wọ́n sì jọ kọ ọ́ tán lórí ẹní. Gbogbo ìwé tí mo kọ lórí iṣẹ́ tíṣà, kò sí èyí tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Bí ẹ bá pe àgbà wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ sanwó fún un bí ẹ ṣe ń sanwó fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó wá láti yunifásítì. Mi ò ní í dákẹ́ lórí èyí. A máa ń fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní àpòòwé tó nípọn, a ó sì fún aláró ní ṣúgà àti ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ aláró ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbọ́ ohun tó kọ. Kí ẹ sì fi ìlà kan kún ìwé tí ẹ fi ń gba máàkì TP: ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé o kà á sí i létí? Bí kò bá ní máàkì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ṣe é. Ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ awo ńkọ́? Obìnrin ni mí, ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò rí Olóòlù rí, mi ò sì ní rí i. Bí ó bá ń kọjá, à ń wọlé, à ń tilẹ̀kùn. Mo ti kọ́ni nípa rẹ̀ síbẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé egúngún ńlá kan wà ní Ìbàdàn tí obìnrin kì í wò, pé àwọn tó ni ín ló mọ ìdí rẹ̀, pé ohun tí wọn ò sọ fún wa kì í ṣe tiwa láti sọ. Àwọn ọmọ gba ìyẹn wọ́ọ́rọ́wọ́, torí nǹkan tí wọn kì í bi àgbà wà nílé tiwọn náà. Àṣìṣe tíṣà ni kí ó máa fi àbá tirẹ̀ dí ibi tí onínǹkan fi sílẹ̀ lófìfo. Ní Ọsirélíà, ìwé àti tẹlifíṣọ̀n máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ pé orúkọ tàbí àwòrán ẹni tó ti kú fẹ́ jáde, nítorí èèwọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti rí i láìròtẹ́lẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ti orin Òkebàdàn tó ń dárúkọ ohun tí a kì í dá lórúkọ, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà. Àmọ́ kí tíṣà má pè é ní ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́. Kí ó ní ọjọ́ kan ló ní orin yẹn, ọjọ́ náà kò tíì kàn yín.

Bí wọ́n bá ti mọ èyí lórí tiwa, ti ẹlòmíràn kò ní í ṣòro mọ́. Láti 1916 ni Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá, ti wà ní Ìbàdàn, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, a ṣì ń pè é ní àlejò. Àwọn ọmọ Fúlàní wà ní kíláàsì, ọmọ Ègùn wà, ọmọ Ìgèdè àti Tiv tí òbí wọn ń ṣiṣẹ́ oko wà, tí a kàn ń pe gbogbo wọn ní "Àgátù" láìbéèrè. Ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pé kí wọ́n bi òbí ọmọ léèrè ohun tí wọ́n ń pe ara wọn. Kí wọ́n má sì ní kí ọmọ kan dìde kí ó wá sọ ohun tí "àwọn èèyàn rẹ̀" ń ṣe. Lásìkò tí ìròyìn ìjà darandaran àti àgbẹ̀ bá gbilẹ̀, ọmọ Fúlàní ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ní kó dìde níwájú ogójì ọmọ, ìwà ìkà ni wọ́n hù sí i, bí tíṣà ò tilẹ̀ gbèrò rẹ̀. Ẹ pe àgbà láti ọ̀dọ̀ wọn, bí ẹ ṣe pe ti wa.

Kí wọ́n má rò pé ijó àti aṣọ nìkan ni àṣà. Wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè ní Òjé ní ìtàdógún, ìyẹn ọjọ́ kẹtàdínlógún. Bí ọmọ bá fi kàlẹ́ńdà kà á, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló máa bá, tíṣà tí kò gbọ́n á sì ní àwọn àgbà ò mọ̀ ọ́n kà. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni Yorùbá ń kà ní oókan. Ìdí nìyẹn tí ìjẹta fi jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àná: òní ni kan, àná ni kejì, òun ni kẹta. Òun náà ló fi jẹ́ pé láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ Àìkú Àjíǹde là ń pè ní ọjọ́ kẹta. Ìmọ̀ ìṣirò nìyẹn, ó sì wà nínú ẹnu àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó dé kíláàsì. Bákan náà ni àdìrẹ Ìbàdàndùn. Àwọn òpó Mápó, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, ni aládìrẹ fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ yà sára aṣọ kí ó tó rì í sínú aró. Kẹ́mísírì wà níbẹ̀, ìtàn ìlú wà níbẹ̀, Ìyá Mapó, òrìṣà tí àwọn aláró ń júbà, wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ Ìyá Mapó kúrò kí ẹ̀kọ́ lè "mọ́".

Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ́ ọ. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì fún odindi ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní 2022, wọ́n tún fagi lé e ní 2025. Ohun yòówù kí òfin wí, a kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ èèwọ̀ kí ó dún bí èèwọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín á sọ pé ẹ̀sìn àwọn kò gba èyí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wọn, torí ẹ̀rù Ọlọ́run ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe oríkunkun. Ẹ sọ fún wọn pé tíṣà tó kọ́ni nípa Háájì kò lọ Mẹ́kà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fipá mú wọn forí balẹ̀, ta ohun mímu sílẹ̀ tàbí jẹ ohun tí wọ́n bọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ, kí ó dúró síbẹ̀, àwọn onílé kì í bínú sí i bí wọ́n bá ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn òbí níbẹ̀rẹ̀ sáà nípa ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ àti ìdí rẹ̀. Òbí tó gbọ́ ṣáájú kì í wá jà bí ẹni tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ.

Ọ̀wọ̀ kò ní ká fi ọgbẹ́ pamọ́. Bí wọ́n bá kọ́ni nípa ilà ojú, kí wọ́n sọ ohun tó wà fún, kí wọ́n sọ pé ó dun ọmọ tí wọ́n kọ ọ́ fún, pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kà á léèwọ̀, àti pé àwọn ìdílé Yorùbá fúnra wọn ti ń jáwọ́ nínú rẹ̀ tipẹ́ kí òfin tó dé.

Ti bàbá tó wá sí iléèwé, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ lọ bá a nílé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì, torí ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí akẹ́kọ̀ọ́ ní òun fẹ́ tún ẹ̀kọ́ náà kọ́, kí ó bi bàbá léèrè ohun tó yẹ kí òun sọ. Bí bàbá bá gbà, ẹ bá ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀, kí wọ́n fún yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, kí bàbá wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì kí ó máa gbọ́. Ẹ fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sí àyè tó máa ń jókòó sí, ẹ má pè é jáde. Kí ẹnì kan sì lọ gbé àga tó ní ẹ̀yìn láti ọ́fíìsì wá ṣáájú, nítorí bẹ́ǹṣì ọmọ praimárì kẹrin kò gba àgbàlagbà.